Ohun Tó Dín Ọ̀bẹ Kù ní Holles Street

Ní ọdún 1965, ìdá 4.5 péré nínú 100 ìbímọ ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ ti iṣẹ́ abẹ. Ní 1980 ó ti di 16.5, ní 1988 ó di 24.7, ìyẹn ni pé nínú ìyá mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n la inú ẹnì kan. Ìbàdí obìnrin Amẹ́ríkà kò sì fún pọ̀ láàárín ọdún mẹ́tàlélógún yẹn. Ní àsìkò kan náà, ilé ìwòsàn ìgbẹ̀bí kan wà ní ìlú Dublin lórílẹ̀-èdè Ireland, National Maternity Hospital, tí àwọn ará ìlú ń fi orúkọ òpópónà tó wà pè ní Holles Street. Láti 1965 sí 1980, ìdá iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ kò kúrò láàárín 4 sí 5 nínú 100. Ikú àwọn ọmọ tó kú sínú àti àwọn tó kú láìpẹ́ sígbà tí wọ́n bí wọn sì já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 42 nínú ẹgbẹ̀rún sí nǹkan bíi 17. Kò yani lẹ́nu pé àwọn dókítà Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn mú lọ sílé yàtọ̀ sí èyí tí ìtàn ilé ìwòsàn náà ń sọ. Tí a bá tú ìtàn ọ̀hún palẹ̀ láti 1944 wá, a ó rí i pé nọ́ńbà kékeré fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìtọ́jú rere. Iṣẹ́ abẹ ṣọ̀wọ́n ní Holles Street nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn obìnrin kan léṣe, ó sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tọ́jú wọn ju bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Ohun tó dín in kù ni ká wádìí.

Ọdún 1894 ni wọ́n dá Holles Street sílẹ̀, ìsìn Kátólíìkì sì ni òpó tó gbé e dúró. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Master ló ń darí ohun gbogbo níbẹ̀ fún ọdún méje kí ẹlòmíràn tó gba ipò. Nígbà tí Alex Spain di Master ní 1942, ọ̀rọ̀ kan ti fìdí múlẹ̀ lọ́kàn àwọn dókítà agbẹ̀bí káàkiri ayé. Edwin Cragin ti New York ló kọ ọ́ ní 1916: ẹni tí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ abẹ náà ni wọn yóò máa fi gbẹ̀bí rẹ̀ lọ. Ìkìlọ̀ ni Cragin ń ṣe, kí dókítà má yára mú ọ̀bẹ nígbà àkọ́kọ́ nítorí ohun tó máa tẹ̀lé e. Àwọn tó kà á ló sọ ọ́ di òfin. Ilé ọmọ tí wọ́n ti là lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin léwu fún oyún míì, nítorí náà níbòmíràn, dókítà a máa gba irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó má lóyún mọ́. Ní Ireland, òfin ọdún 1935 ti ka títà ohun ìfètòsọ́mọbíbí àti kíkó o wọ̀lú léèwọ̀, Ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú kò sì fàyè gbà á. Ọ̀nà tí Spain yàn láti 1944 ni symphysiotomy: wọ́n á fi ọ̀bẹ pín oríkèé tó so egungun ìbàdí pọ̀ níwájú, kí ìbàdí lè yà, kí ọmọ rí ọ̀nà kọjá, kí obìnrin náà sì lè máa bí lọ láìsí àpá nínú ilé ọmọ. Arthur Barry tó jẹ Master lẹ́yìn rẹ̀ ń bá a lọ. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún ní gbogbo Ireland, láti àwọn ọdún 1940 títí wọ inú àwọn ọdún 1980, tó nǹkan bíi 1,500. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún. Wọ́n ń fi ìrora rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtọ̀ sì ń jò lára àwọn mìíràn. Ọdún 2014 ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣètò owó gbà-máà-bínú fún wọn. Nígbà tó ti rọlẹ̀ ní Dublin, ó ṣì ń lọ ní Drogheda, nílé ìwòsàn àwọn Medical Missionaries of Mary, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1937, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fún iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Áfíríkà. Ohun tí wọ́n fẹ́ dín kù, wọ́n dín in kù lóòótọ́. Ara obìnrin ni wọ́n fi san owó rẹ̀.

Kieran O'Driscoll jẹ Master ní 1963, ìṣòro mìíràn ló sì gbájú mọ́, ìyẹn ìrọbí tó ń falẹ̀. Ẹni tó ń bí àkọ́bí lè wà lórí ibùsùn fún ọjọ́ kan àtààbọ̀. Yóò ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù yóò ti bà á, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí yóò sọ̀ fún un. Ìlànà tí O'Driscoll kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1969 bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: wọn kò ní gba obìnrin sí yàrá ìgbẹ̀bí àfi tó bá dá wọn lójú pé ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀, torí inú ríro nìkan kò tó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á, wọ́n á já omi rẹ̀. Bí ẹnu ilé ọmọ kò bá máa ṣí tó sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi dírípù oxytocin sí i lára kí ìrọbí lè le sí i. Agbẹ̀bí kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí yóò fi bí, dókítà àgbà ló sì ń dáhùn fún ìpinnu tí wọ́n bá ṣe lórí rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n ti ń ṣèlérí fún un pé kò ní rọbí ju wákàtí méjìlá lọ. Àwọn tó ń bí àkọ́bí, tí oyún wọn jẹ́ ẹyọ kan, tí orí ọmọ sì wà nísàlẹ̀, ni gbogbo ètò yìí wà fún, kì í ṣe gbogbo ayé. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi yan àwọn yẹn: ẹni tó bá bí àkọ́bí rẹ̀ láìsí ọ̀bẹ kì í sábà nílò ọ̀bẹ lórí àwọn tó kù, ẹni tí wọ́n bá sì là lórí àkọ́bí ti bọ́ sọ́wọ́ òfin tí wọ́n fi orúkọ Cragin ṣe.

Àwọn alátakò ìlànà náà pọ̀, ẹ̀sùn wọn kì í sì í ṣe ẹjọ́ òfo. Wọ́n ní O'Driscoll fi aago lé obìnrin lórí, ó sì ń fi dírípù lé ìrọbí bí ẹni ń lé ẹran, kí ibùsùn lè ṣófo kíákíá. Òótọ́ wà níbẹ̀. O'Driscoll fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ pé àìjẹ́ kí ìrọbí pẹ́ ló jẹ́ kí iye agbẹ̀bí tó wà tó láti fi ẹnì kan ti obìnrin kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn alátakò àti àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti jọ ṣìnà ni pé àwọn méjèèjì gbà pé dírípù ni iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n dán ìlànà yìí wò ní Chicago, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1992, ìdá iṣẹ́ abẹ rọ̀ láti 14.1 sí 10.5. Àwọn ti Boston dán an wò lára obìnrin tó lé ní 1,900, wọ́n já omi, wọ́n fi dírípù sí i, wọ́n tilẹ̀ fi nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ti obìnrin kọ̀ọ̀kan. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1995 ni pé ìdá iṣẹ́ abẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ó lé díẹ̀ ní 19 nínú 100 níhà méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé inú dírípù ni agbára náà wà, á ṣiṣẹ́ ní Boston. Kódà jíjókòó ti obìnrin, tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀, kò ṣiṣẹ́ bákan náà níbi gbogbo. Ní Houston ní 1991, níbi tí wọ́n ti fi obìnrin alátìlẹ́yìn kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù ti ẹni tó ń rọbí, ìdá iṣẹ́ abẹ jẹ́ 8 nínú 100 lára wọn, ó sì jẹ́ 18 lára àwọn tí kò ní. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2002, ní ilé ìwòsàn mẹ́tàlá ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lo àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù fúnra wọn fún iṣẹ́ yìí, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan nínú iye iṣẹ́ abẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì tí wọ́ọ̀dù gbà síṣẹ́, ìṣesí wọ́ọ̀dù náà ló ń bá lọ.

Ohun tó wà ní Dublin tí kò bá ìlànà náà rìnrìn àjò dé Boston ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pinnu. Ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn ọmọ jẹ́ ẹ̀rí tó dára fún èyí. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ẹ̀rọ náà ti ń wọ yàrá ìgbẹ̀bí, ibi tó bá sì dé, iṣẹ́ abẹ máa ń pọ̀ sí i: bí ìlà inú ìwé bá ti wọ́ lọ́nà tí dókítà kò fẹ́ràn, ọ̀bẹ ti jáde nìyẹn. Ní Holles Street, wọ́n pín àwọn obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13,000 sí ọ̀nà méjì, wọ́n fi ẹ̀rọ ṣọ́ ìdajì, agbẹ̀bí sì ń fi etí gbọ́ ọkàn ọmọ ìdajì kejì látìgbàdégbà. Èsì rẹ̀ jáde ní 1985. Iye ọmọ tó kú kò yàtọ̀. Gìrì tó máa ń mú ọmọ tuntun dín kù lọ́dọ̀ àwọn tí ẹ̀rọ ń ṣọ́, èrè gidi sì nìyẹn. Ìdá iṣẹ́ abẹ sì lé díẹ̀ ní 2 nínú 100 níhà méjèèjì. Ẹ̀rọ tó ń sọ iṣẹ́ abẹ di púpọ̀ níbòmíràn kò rí i ṣe ní Dublin. Ìdí ni pé níbẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ké, wọ́n á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ọmọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó pinnu. Wọn kò fi ọ̀bẹ dáhùn ariwo. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń tẹ ìwé ìròyìn jáde, tí iye iṣẹ́ abẹ àti iye òkú ọmọ jọ wà nínú rẹ̀, tí àwọn dókítà ìta sì máa ń wá ṣe àríwísí rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò bi òun ní ìbéèrè lórí òkú ọmọ kọ̀ọ̀kan kò ní fa sùúrù gùn ju bó ti yẹ lọ; ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò bi òun lórí iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan kò sì ní tètè sá tọ ọ̀bẹ lọ.

Àwọn Amẹ́ríkà kan rí kókó yìí láìtilẹ̀ lo ìlànà Dublin. Ní Mount Sinai Hospital ní Chicago, láti 1985, wọ́n pàṣẹ pé iṣẹ́ abẹ tí kì í ṣe ti pàjáwìrì gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí dókítà kejì. Wọ́n kọ àwọn ìdí tó tó sílẹ̀, wọ́n sì ń yẹ ìwé dókítà kọ̀ọ̀kan wò. Láàárín ọdún méjì, ìdá iṣẹ́ abẹ wọn já láti 17.5 sí 11.5. Ṣùgbọ́n ohun tó gba Amẹ́ríkà kan lẹ́yìn ìyẹn yàtọ̀. Wọ́n rí i pé òfin tó wá láti ọ̀rọ̀ Cragin ló ń kó àwọn obìnrin padà sábẹ́ ọ̀bẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n níyànjú láti gbìyànjú bíbí lójú ara lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìmọ̀ràn náà dára fún ọ̀pọ̀. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera tó ń sanwó ìwòsàn rí èrè nínú rẹ̀, àwọn kan sì sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó yẹ fún un àti ẹni tí kò yẹ fún un. Ní 1996, nínú 100 obìnrin tí wọ́n ti là rí, àwọn tó lé ní 28 ló bí lójú ara, ìdá iṣẹ́ abẹ orílẹ̀-èdè náà sì ti rọ̀ sí 20.7. Ilé ọmọ àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ya nígbà ìrọbí, ẹjọ́ dé kóòtù, ní 1999 ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí Amẹ́ríkà sì sọ pé ilé ìwòsàn tí dókítà iṣẹ́ abẹ kò bá sí ní sẹpẹ́ kò gbọdọ̀ dán an wò. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn pa ilẹ̀kùn náà dé. Nígbà tó fi máa di 2009, ìdá iṣẹ́ abẹ ti di 32.9, ó ga ju ti ìgbàkigbà rí lọ. Èyí tí owó lé wálẹ̀, ẹ̀rù ló tún gbé e lọ sókè, kò sì sí ẹni tó bi obìnrin náà nínú méjèèjì.

Àtakò kan wà tí mo gbà pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ìyá òde òní dàgbà ju ti àtijọ́ lọ kí wọ́n tó lóyún, wọ́n sanra jù wọ́n lọ, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín wọn, nítorí náà ìdá 1965 kò lè padà wá. Lóòótọ́, kò lè padà wá, kò sì sídìí tó fi yẹ kó padà. Holles Street gan-an ti kọjá 5 nínú 100 láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n àìsàn ìyá kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé ìwòsàn sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo ilé ìwòsàn 593 ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọdún 2009, ibi tó kéré jù jẹ́ 7.1 nínú 100, ibi tó ga jù jẹ́ 69.9. Wọ́n yọ àwọn tó ní ewu kúrò kí wọ́n lè fi ẹlẹ́gbẹ́ wé ẹlẹ́gbẹ́, tí a bá sì fi ìlọ́po kà á, ìyàtọ̀ náà tún fẹ̀ sí i: láti 2.4 sí 36.5. Adúgbò tí obìnrin ń gbé àti ilẹ̀kùn tó gbà wọlé ló ń pinnu ohun tí ara rẹ̀ ì bá pinnu. Aago tí wọ́n ń lò pàápàá ní àbùkù. Emanuel Friedman ló wo ìrọbí 500 obìnrin tó ń bí àkọ́bí ní New York láàárín àwọn ọdún 1950, orí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì gbé e kà pé láti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ni ẹnu ilé ọmọ yẹ kó ti máa yára ṣí. Ní 2010, Jun Zhang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìrọbí àwọn tó lé ní 62,000, wọ́n rí i pé ó lè lọ́ra títí dé mẹ́fà, kí wọ́n sì bí ọmọ náà láyọ̀. Ní 2014 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí Amẹ́ríkà yí ìlànà padà sí mẹ́fà. Àwọn tí wọ́n ti là kí ó tó di ìgbà yẹn nítorí pé wọ́n dúró sí márùn-ún pọ̀.

Àwọn ará California ló fi hàn pé a lè kó àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí jọ. Àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ náà ń fi àkọsílẹ̀ wọn ránṣẹ́ sí ojúkò kan, dókítà àti agbẹ̀bí ń rí nọ́ńbà tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń ran ìrọbí lọ́wọ́. Láàárín àwọn tó ń bí àkọ́bí tí oyún wọn kò ní wàhálà, ìdá iṣẹ́ abẹ rọ̀ láti 26.0 ní 2014 sí 22.8 ní 2019, ewu ńlá lára ọmọ tuntun kò sì pọ̀ sí i. Ńṣe ló dín kù. Ìrọ̀lẹ̀ náà kò pọ̀ lójú ẹni tó bá ń retí iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ odidi kan ni, wọ́n sì ka ọmọ mọ́ ìyá kí wọ́n tó yọ̀. Irinṣẹ́ tí ayé ń lò fún irú ìṣirò yìí báyìí tún mú wa padà sí Holles Street. Michael Robson, tó padà wá jẹ Master níbẹ̀, tẹ ọ̀nà ìpínsísọ̀rí rẹ̀ jáde ní 2001: ó pín gbogbo obìnrin tó ń bímọ sí ẹgbẹ́ mẹ́wàá, àwọn alákọ̀ọ́bí tí ìrọbí wọn dé fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀, àwọn tí wọ́n ti là rí wà lọ́tọ̀, ìbejì lọ́tọ̀, ọmọ tó fìdí sílẹ̀ lọ́tọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á wọlé ní 2015. Àjọ yìí kan náà ló sọ ní 1985, níbi ìpàdé kan ní Fortaleza ní Brazil, pé kò sídìí tí ìdá iṣẹ́ abẹ agbègbè kankan fi yẹ kó ju 10 sí 15 lọ. Ní 2015 ó gbọ́n sí i: ó ní kí wọ́n sapá kí ẹni tó nílò iṣẹ́ abẹ rí i gbà, dípò kí wọ́n máa lé nọ́ńbà kan.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé lílé nọ́ńbà léwu, kí ó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ìdá iṣẹ́ abẹ tó kéré ní àwọn ilé ìwòsàn Shrewsbury àti Telford yangàn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Donna Ockenden parí ìwádìí ní oṣù kẹta 2022, ó sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ 201 má kú ká ní wọ́n rí ìtọ́jú tó yẹ. Ara ohun tí ó tọ́ka sí ni pé wọ́n fà sẹ́yìn níbi tó yẹ kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Oṣù kan ṣáájú ìgbà náà ni àwọn aláṣẹ ìlera ibẹ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n yéé fi àpapọ̀ ìdá iṣẹ́ abẹ wọn ilé ìwòsàn. Àwọn kan gbà pé èyí fòpin sí gbogbo ọ̀rọ̀ nípa dídín iṣẹ́ abẹ kù. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Shrewsbury bá ti Dublin ọdún 1944 dọ́gba ní ọ̀nà kan: wọ́n pinnu nọ́ńbà, tàbí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, kí wọ́n tó rí obìnrin tó wà níwájú wọn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Dublin láti 1963 àti ní California láti 2014 bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin náà, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e.

Ní Nàìjíríà, ẹ̀gbẹ́ òdìkejì ni ìṣòro náà wà. Ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè ti 2018 fi hàn pé nǹkan bí 3 nínú 100 ìbímọ ló gba ti iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni ikú ìyá níbẹ̀ wà lára èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé. Èyí kì í ṣe nọ́ńbà tí a lè fi yangàn. Àwọn obìnrin tó yẹ kí wọ́n là tí wọn kò là wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ti ń fi bíbí wẹ́rẹ́ ṣàdúrà fún aboyún, bí ẹlòmíràn ṣe ń ti ilé ìwòsàn sá lọ sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ nítorí wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló kàn, àti bí owó rẹ̀ ṣe ń dẹ́rù ba ọkọ. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ Dublin wá síbí kí ó lè sọ pé ọ̀bẹ kò dára, ó ṣi ọ̀rọ̀ náà lò. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ń gbé obìnrin tó ti rọbí ọjọ́ méjì níbòmíràn wá bá yóò ní ìdá tó ga, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ìpínsísọ̀rí Robson yóò fi hàn bóyá inú àwọn tó dé ní pàjáwìrì ni iṣẹ́ abẹ pọ̀ sí, tàbí inú àwọn alákọ̀ọ́bí tó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé láàárọ̀ tí wọ́n sì ti là kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ti ìkejì yìí ni a lè dín kù láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ní wọ́ọ̀dù tí agbẹ̀bí kan ti ń bójú tó obìnrin mẹ́fà lóru, tí kò sí iná tí wọ́n lè fi ríran, iye agbẹ̀bí ni ọ̀gá ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ fi kún, lẹ́yìn náà ni kí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn dókítà rẹ̀ nípa iye iṣẹ́ abẹ.